Ìdájọ́ Mùínàt Lórí Géèmù Má Mí

Bí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ pólì kan bá dákú ní Èrúwà, ọ̀dọ̀ Mùínàt ni yóò gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì tó lọ sí Lánlátẹ̀, kọ́ńténà kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tó ní fèrèsé kan níwájú àti páànẹ́ẹ̀lì sólà lórí. Mùínàt kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá gbé fóònù dé, yóò gbà á, yóò wò ó lójú, yóò wò ó nídìí, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é fún ọ. Bí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, yóò dá a padà fún ọ, yóò ní, "Èyí ti lọ. Má wulẹ̀ dààmú ara ẹ lórí ẹ̀." Ohun tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ìgbàgbọ́ yìí ló bí iṣẹ́ kejì tí òun fúnra rẹ̀ kò wá lọ. Àwọn ọmọ pólì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé géèmù wo ni fóònù àwọn lè gbé, èwo ló ń jẹ dátà jù, èwo ló kàn jẹ́ ariwo lásán. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé fóònù ti ìgò omi, ó sì ya fídíò. Yorùbá ló fi sọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù gan-an, láìṣe ojú ayé. Bí ó bá sọ ohun tó rí tán, yóò wá ṣe ìdájọ́: "Ẹ gbà á," tàbí "Ẹ fi sílẹ̀," tàbí "Ẹ dúró ná." Kí ó tó mọ̀, àwọn ènìyàn ti ń wò ó láti Igbó-Ọrà títí dé Ìṣẹ́yìn.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ni Dámiláre pè é lórí fóònù. Òun àti Mùínàt jọ kàwé ní pólì, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ń gbé báyìí, níbi tó ti ń bá àwọn kan tó ń ṣe géèmù ní òkè òkun polówó ọjà wọn.

"Mùínàt, mo ní nǹkan kan fún ẹ," ló wí. "Géèmù ogun ni, orí fóònù ni wọ́n ti ń gbá a. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn á máa fò kiri bí ìrẹ̀, tí wọ́n á yìnbọn fún un títí kó tó ṣubú. Èyí jọ gidi. Wọn ò tíì ṣe é parí o, àmọ́ wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn díẹ̀ kí wọ́n máa dán an wò. Mo ti fi orúkọ ẹ sílẹ̀."

"Kí ni wọ́n fẹ́ kí n sọ?"

Dámiláre rẹ́rìn-ín. "O ò yí padà rárá. Ohun tó o bá rí ni kó o sọ. Àmọ́ kí n má tàn ẹ́, wọ́n ń wá ẹnì kan tí yóò jẹ́ ojú wọn níhìn-ín, ẹni tí wọ́n á máa fi iṣẹ́ wọn hàn nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́, kí wọ́n lè gbọ́ èrò rẹ̀. Bí fídíò yìí bá dára, ìwọ ni mo fẹ́ mú lọ fún wọn."

Mùínàt ní òun ti gbọ́. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń tún nǹkan ṣe, ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n ń gbé e wá bá a. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú kí òun náà wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan, kí ẹnì kan sì bi òun pé, "Báwo ni ká ṣe ṣe é?"

Orúkọ òyìnbó gígùn kan ni wọ́n sọ géèmù náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ pólì tó ti gbọ́ nípa rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Má Mí. Ìdí ni pé nígbà tí jagunjagun inú rẹ̀ bá sáré, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ìbọn kò sì ní dúró sójú kan. Bí o bá fẹ́ kí ọta bá ẹni tó o ń wò, àfi kí o tẹ ibì kan kí ó lè sé èémí. Bí o bá sì sé e pẹ́ jù, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn.

Mùínàt gbá a ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ó sì rí i pé Dámiláre kò purọ́. Koríko ń tẹ̀ bí èèyàn bá gba inú rẹ̀ kọjá. Ìbọn wúwo lọ́wọ́. Kò sí nọ́ńbà kankan ní igun ojú fóònù tó máa sọ iye ọta tó kù fún ọ. O ní láti yọ àpò ọta kúrò kí o sì wò ó. Bí ọta kan ṣoṣo bá bá ọ níbi tó burú, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe ìyìnbọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èèyàn á dùbúlẹ̀ sínú koríko, á máa retí, á máa tẹ́tí. Ẹ̀rù ba Mùínàt nígbà kan tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, débi pé ó wẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀.

Ó rí àléébù rẹ̀ pẹ̀lú. Fóònù ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Lórí fóònù kékeré tó yá lọ́wọ́ oníbàárà kan, àwòrán máa ń dì gbagidi ní àkókò tí ogun bá gbóná gan-an, nígbà tó bá sì máa tú, wọ́n á ti pa èèyàn. Ó rí ọ̀tá kan tí ìdajì ara rẹ̀ wà nínú ògiri, tí ó ń wo iwájú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Pápá ogun méjì péré ló sì wà. Ọ̀kan jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, èkejì sì jẹ́ abúlé kan láàárín oko, tí ilé onípáànù wà káàkiri inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù lọ ni ohùn. Àwọn tó ṣe géèmù náà sọ pé ìbọn gidi ni àwọn lọ yìn ní gbangba, tí àwọn sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, láti ìtòsí àti láti ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá yìn ín lápá òsì, etí òsì ni wàá ti gbọ́ ọ. Bí ó bá ti ẹ̀yìn òkè wá, wàá gbọ́ bí òkè ṣe ń dá a padà. Mùínàt pinnu pé ohùn yìí ni òun máa fi bẹ̀rẹ̀ fídíò òun.

Nítorí bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé, ó so fóònù mọ́ sípíkà ńlá tí oníbàárà kan gbé wá, tí ó ti tún ṣe tán, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nítorí eruku, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá Má Mí. Ó rìn wọ abúlé náà jẹ́jẹ́. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ògiri kan. Ó sé èémí, ó yìnbọn, ó sì tún yìn ín léraléra. Páànù kọ́ńténà náà gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn. Ìgbà náà ló gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ níta, tí obìnrin kan sì figbe ta.

Ó rò pé ọ̀kadà méjì ti forí gbárí ni. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ síta.

Lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Bàbá Ìyanu ti ń ṣe iṣẹ́ fọkanáísà. Awótúndé ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo, tí ó kó láti oko wá sí Èrúwà, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ táyà nígbà tó ti dàgbà tán. Ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ṣì ń kù. Ọ̀kadà Tíṣà Tinúkẹ́, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lókè, ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tíṣà fúnra rẹ̀ dojúbolẹ̀ nínú eruku. Bàbá Ìyanu sì wà lórí rẹ̀, ó fi ara bò ó, ó na apá kan bo orí rẹ̀.

"Ẹ má gbórí sókè," ló ń sọ ní ohùn kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbórí sókè."

Géèmù kò dúró de Mùínàt nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ó ṣe dúró tó ń wò wọ́n, ọ̀tá kan rí jagunjagun rẹ̀ tó fi sílẹ̀, ó sì yìnbọn fún un. Ìbọn náà dún jáde láti inú sípíkà. Ara Bàbá Ìyanu ta gììrì, ó tún tẹ ara mọ́lẹ̀ sí i.

Mùínàt sáré wọlé, ó fa wáyà sípíkà náà yọ.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta bẹntiróòlù ní òdìkejì títì ti rí ibi tí ohùn ti wá. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀, ó ń fi Bàbá Ìyanu ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Ìyanu dìde díẹ̀díẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ṣọ́ọ̀bù. Ó na ọwọ́ sí Tíṣà Tinúkẹ́, ó fà á dìde.

"Ẹ forí jì mí, Tíṣà. Mo rò pé... ẹ forí jì mí."

Aṣọ Tíṣà ti ya ní ìgbọ̀nwọ́, ibẹ̀ sì ti bó. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì fẹ́ sọ kò ní dára. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Bàbá Ìyanu. Ó ti mú irin tó fi ń tú táyà, ó ń gbìyànjú láti kì í bọ ibi tó yẹ, kò sì wọlé. Tíṣà pa ẹnu dé. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ yíya, ó sì bá a di táyà náà mú títí iṣẹ́ fi parí. Nígbà tí Tíṣà gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ, Bàbá Ìyanu pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì gba ilé lọ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.

Mùínàt dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò mọ ohun tí òun máa fi ọwọ́ òun ṣe.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó lọ sí ilé Bàbá Ìyanu. Iyàrá méjì ni wọ́n háyà ní ẹ̀yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ìyá Ìyanu jókòó níta, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ọkọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a pa á. Mùínàt kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Èmi ni mo fa gbogbo ẹ̀. Mi ò rò ó."

"Dìde jàre, Mùínà. Ta ló ń bínú? Gba àpótí, jókòó." Ó ju ẹ̀gúsí kan sínú igbá. "Kí tiẹ̀ ni nǹkan náà?"

"Géèmù ni, bàbá."

"Géèmù ló ń dún báyẹn?"

"Wọ́n ní ìbọn gidi ni wọ́n gba ohùn ẹ̀."

Bàbá Ìyanu mi orí. "Wọ́n gbà á dáadáa," ló wí.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí Mùínàt kò gbọ́ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tipẹ́. Abà Akínladé ni òun àti ìyàwó òun ń gbé tẹ́lẹ̀, kọjá Tápà, níbi tí ó ti ní oko iṣu àti oko ẹ̀gẹ́ tó tó fi yangàn. Ní ìdájí ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ó gbọ́ ìbọn. Ó rò pé àwọn ọdẹ ni. Ó tún gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò jọ pé ibi kan náà ló ti wá. Àwọn tó ń jí ènìyàn gbé ni. Òun àti Ìyá Ìyanu sá wọ inú oko, wọ́n dùbúlẹ̀ sáàárín ebè, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn lẹ́yìn. Àwọn ajínigbé náà ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ni wọ́n gbé lọ, ọmọ onílẹ̀ abà náà, ó sì padà wálé nígbà tó yá.

"Ìwọ náà á máa bi ara ẹ pé, kí ló dé tí mi ò wá padà síbẹ̀," ni Bàbá Ìyanu wí. "Wọn ò pa mí, wọn ò pa aya mi. Àwọn kan ti padà. Àmọ́ ohun tí kò kúrò lára mi ni pé mi ò mọ apá ibi tí ó ti ń dún. Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá mọ apá ibi tí màá sá sí. Èèyàn á kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa tẹ́tí."

Mùínàt wo ilẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ àti ìtẹ́tísílẹ̀ yẹn gan-an ló ti ń yin géèmù náà fún lọ́kàn ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

"Ó wà lọ́wọ́ ẹ níbẹ̀?" ni Bàbá Ìyanu bèèrè.

"Kí ni, bàbá?"

"Géèmù náà. Jẹ́ n rí i."

"Bàbá Ìyanu," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ n rí nǹkan tó gbé mi ṣubú lu ọmọ ọlọ́mọ."

Mùínàt pa ohùn fóònù pátápátá, ó ṣí géèmù náà, ó sì fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn án. Àtàǹpàkò Bàbá Ìyanu tóbi, iṣẹ́ táyà sì ti sọ ọ́ di líle. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ògiri ni jagunjagun rẹ̀ ń forí sọ. Ìyá Ìyanu bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Díẹ̀díẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Ó wọ inú koríko.

"Háà, ó mà ń tẹ̀! Ẹ wo koríko! Ọwọ́ àwọn èèyàn yìí mà dáa o."

Ó rìn wọ abúlé. Ó wọ ilé kan. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, kọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì. Ó jáde, ó wọ ilé mìíràn. Ó dúró.

"Àwọn onílé ńkọ́?"

"Kò sí wọn, bàbá. Àwọn jagunjagun nìkan ló wà nínú ẹ̀."

"Wọ́n ti sá ni?"

"Rárá, wọn ò ṣe wọ́n sí i ni."

"Ṣé wọn ò tíì ṣe wọ́n, àbí wọn ò ní í ṣe wọ́n?"

Mùínàt kò mọ̀. Ó ti wọ gbogbo ilé tó wà ní abúlé yẹn, ó ti fi ẹ̀yìn ti gbogbo ògiri wọn, kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé kí òun bèèrè.

Ìyá Ìyanu ti na ọrùn, ó ń wo fóònù láti ẹ̀yìn èjìká ọkọ rẹ̀. "Inú ebè ni wọ́n á wà," ló wí, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọta bá jagunjagun Bàbá Ìyanu. Ojú fóònù ṣókùnkùn láìsí ohùn.

"Ó tán?"

"Ó tán, bàbá. Àmọ́ ẹ lè tún un bẹ̀rẹ̀."

Ó tún fóònù náà gbá mú. "Jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Ó gbá a títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó tilẹ̀ pa ọ̀tá kan, èyí tí ìdajì ara rẹ̀ wà nínú ògiri, ó sì pariwo bí ọmọdé. Nígbà tó dá fóònù padà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtàǹpàkò rẹ̀ tí fóònù ti sọ di gbígbóná.

"Ó dùn," ló wí. "Mi ò ní purọ́, ó dùn."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má gbá a?"

"Nítorí kí ni? Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a tán níbí. Kí àwọn ọmọ ṣeré wọn. Àmọ́ kí wọ́n fi ohùn ẹ̀ sétí ara wọn."

Ní ọjọ́ kejì, Mùínàt jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ṣí, ó sì gbé fóònù ka iwájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Ìdájọ́ tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárín ọ̀sẹ̀ ni "Ẹ gbà á." Ó mọ̀ pé ohun tí Dámiláre ń retí nìyẹn, ó sì mọ ohun tó so mọ́ ọn. Ó gbìyànjú láti ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: ìbẹ̀rù Bàbá Ìyanu kì í ṣe ẹ̀bi géèmù, òun ló so ó mọ́ sípíkà. Òótọ́ ni. Bí kò bá tilẹ̀ sí Bàbá Ìyanu rárá, ṣé géèmù náà tó gbà? Ó rántí àwọn fóònù tó ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tí ojú rẹ̀ ti là, èyí tí bátìrì rẹ̀ ti wú. Ó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Nígbà tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ kú ìrójú o. Èyí tí ẹ ń pè ní Má Mí ni mo gbé wá," ló wí nínú fídíò náà. "Mo gbádùn ẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í ní sùúrù, ẹ máa kórìíra ẹ̀, torí pé ìdúró ló pọ̀ nínú ẹ̀ ju ìjà lọ. Èmi fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Bí ìbọn ṣe wúwo, bí koríko ṣe ń tẹ̀, mi ò tíì rí irú ẹ̀ lórí fóònù. Àmọ́ tí fóònù yín bá jẹ́ èyí tí púpọ̀ nínú yín ń gbé wá bá mi, ẹ ò ní rí ohun tí mo rí. Ó máa dì, ó máa gbóná, wọ́n á sì máa pa yín láìmọ ẹni tó pa yín. Pápá méjì ló wà, ẹ sì máa mọ̀ wọ́n tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí."

Ó gbé íyápíìsì rẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí i.

"Wọ́n ní ó jọ gidi. Ohùn ìbọn ẹ̀ jọ gidi lóòótọ́, ó jọ ọ́ débi pé mo fi da ẹnì kan láàmú ládùúgbò mi, ẹni tí ó ti gbọ́ ọ lójú ayé. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ fi íyápíìsì sétí, ẹ má gbé e sí sípíkà. Ibi tí kò ti jọ gidi rèé: ẹ ó rí ilé nínú ẹ̀, ẹ ò ní rí onílé. Abúlé kan kì í ṣófo bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìjà bá dé. Àwọn kan máa ń wà níbì kan, wọ́n á dùbúlẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n fi wọ́n sí i kí ẹ lè máa yìnbọn lù wọ́n o. Mò ń sọ pé kí wọ́n má tíì sọ pé ó jọ gidi tán. Ìdájọ́ mi: ẹ dúró ná."

Ó gbé e jáde bẹ́ẹ̀, kò gé nǹkan kan kúrò.

Kò pẹ́ tí Dámiláre fi pè é. Kò bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dùn.

"'Ẹ dúró ná' kọ́ ni wọ́n ń retí, Mùínàt."

"Ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé wọn ò tíì ṣe é parí. Kí ni mo tún sọ?"

"Ọ̀rọ̀ fóònù tó ń gbóná, wọ́n á gbà á. Pápá méjì, wọ́n á gbà á. Àmọ́ ọ̀rọ̀ onílé yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ géèmù. Bá mi yọ apá yẹn."

"Dámiláre, wọ́n ní kí n wo bóyá ó jọ gidi. Mo sọ ibi tó ti jọ, mo sì sọ ibi tí kò ti jọ. Tí mo bá yọ ọ́, kí ni mo wá wò?"

Dámiláre mí kanlẹ̀. "Mo gbọ́," ló wí. "Màá fi ránṣẹ́ sí wọn bó ṣe wà."

Ẹlòmíràn ni wọ́n mú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Èkó. Nígbà tí Dámiláre sọ fún un, Mùínàt ní kò burú, ó sì fi fóònù sílẹ̀. Ó dùn ún. Ó jókòó pẹ́ kí ó tó lè mú irinṣẹ́ rẹ̀, oníbàárà tó sì wọlé lẹ́yìn náà kò rí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù náà fi ìkìlọ̀ kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó yá, pé ó sàn kí èèyàn fi íyápíìsì gbá a. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa àwọn onílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ pólì kò dúró ná gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Wọ́n gba Má Mí, fóònù wọn gbóná, wọ́n sì gbé e wá bá a. Ó tún un ṣe fún wọn láìsọ pé, "Mo ti sọ fún yín." Òun náà ṣì máa ń gbá a nígbà mìíràn, bí ọjà bá dákẹ́, pẹ̀lú íyápíìsì létí. Bí ó bá wọ ilé inú abúlé yẹn báyìí, kì í pẹ́ níbẹ̀.

Bàbá Ìyanu padà sábẹ́ igi rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ sì ń lọ. Àwọn tó ń ta bẹntiróòlù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, títí di ọjọ́ tí Tíṣà Tinúkẹ́ dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró ní iwájú wọn, tí ó sì bi wọ́n ní gbangba pé, bí ìbọn náà bá jẹ́ òótọ́ ni, èwo nínú wọn ni ì bá fi ara rẹ̀ bo òun? Yẹ̀yẹ́ náà parí síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, Mùínàt dé ṣọ́ọ̀bù, ó rí Bàbá Ìyanu tó dúró dè é. Bàtà oko ló wọ̀, ó sì gbé àdá sí abíyá.

"Mùínà, bá mi fi ojú sí ẹ̀rọ yìí. Èmi àti àwọn méjì kan láti Tápà fẹ́ lọ wo ilẹ̀ wa ní Abà Akínladé. Àwọn ọlọ́dẹ máa bá wa lọ."

"Ẹ máa padà wá lónìí, bàbá?"

"Ìrọ̀lẹ́ ò ní í ṣú bá mi níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

Ó gun ọ̀kadà tó ń dúró dè é, wọ́n sì lọ. Ní gbogbo ọjọ́ náà, bí Mùínàt bá ti gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀, yóò gbé orí sókè. Oníbàárà mẹ́ta wá fún táyà. Ó ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀la. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, ó rí i tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì títì, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀ dé kókósẹ̀, ó sì fi fìlà rẹ̀ di nǹkan kan mú sí àyà.

Èso kajú ni, pupa àti aláwọ̀ ìyeyè, tí omi rẹ̀ ti ń kán gba inú fìlà jáde.

"Wọ́n ti so títí wọ́n ti ń já bọ́ sílẹ̀," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ká wọn ní abà."

Ó mú èyí tó tóbi jù níbẹ̀, ó nù ún mọ́ ara ẹ̀wù rẹ̀, ó sì nà án sí i láti ojú fèrèsé. Mùínàt gbà á. Ó pa iná tó fi ń jó wáyà, ó jáde wá jókòó lábẹ́ dóńgóyárò, àwọn méjèèjì sì jẹ kajú náà tán kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́.